Àga Tí Ó Kọjú Sí Ògiri, Àga Náà Ni

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí iṣẹ́ tí ẹ fi ń jẹun. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ ní ìjókòó, kí ìjókòó tù ọ́ lára, bí ó bá sì bá ọ ní ìdúró, kí ẹsẹ̀ má dùn ọ́. Etí wa ò ní gbọ́ ohun tí ọkàn wa ò lè gbà. Ara mi le, àfi orúnkún òsì yìí tó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí òjò fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Adìẹ funfun pa mẹ́fà, àṣá gbé méjì, a dúpẹ́ lórí mẹ́rin tó kù. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi ti ń jò níbi tí mo ń to pákó sí, mo gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, abọ́ náà tún ń jò, ni mo bá gbé ìkòkò sábẹ́ abọ́.

Ọwọ́ ìkọ̀wé tí o rí yìí, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́. Aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi ló ń bá mi kọ ọ́, nítorí awò ojú mi fọ́, mi ò rí ìlà. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló jókòó sí, ó tẹ́ ìwé lé orí ṣòkòtò oníbàárà, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ọgbọ́n orí tirẹ̀ gé e kúrú bó ṣe máa ń gé aṣọ àwọn ènìyàn kúrú. Ó ti bú mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó kọ ìyẹn náà.

O lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Ọmọ mi, bí mo bá pè ọ́, orí tábìlì lo máa ń gbé fóònù sí, ohùn mi á wá máa jáde fún gbogbo ilé, ọkọ rẹ á máa kí mi láti ìdí oúnjẹ, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ọmọ mi á di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé. O tún kọ́ mi ní èkejì, èyí tí mo máa ń sọ̀rọ̀ sí tí fóònù á bá mi tọ́jú ohùn náà fún ọ. Mo gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ni mo bá rántí pé o sọ fún mi pé ohùn ìyá rẹ ṣì wà nínú fóònù rẹ láti ìgbà tó wà láyé. Ohun kékeré ni fóònù. Bí mo bá sọ̀rọ̀ jù tó bá kún, ohùn ta ló máa kọ́kọ́ dà nù? Ni mo bá pa á, mo wá aránṣọ lọ.

Àwọn ará báǹkì ṣe mí lóore o. Fóònù mi dún, aránṣọ bá mi wò ó, ó ní báǹkì ló ń kí mi kú ọjọ́ ìbí, wọ́n ní kí ẹ̀mí mi gùn. Omi bọ́ lójú mi. Èmi fúnra mi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi, ta ló sọ fún wọn? Mo di ẹyin mẹ́wàá, mo wọ bàtà, mo lọ kí wọn. Olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ta ni mo fẹ́ rí, mo ní ẹni tó kọ̀wé sí mi. Ó ní ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Mo ní kó bá mi kó ẹyin náà fún ẹ̀rọ, kó sì sọ pé mo dúpẹ́. Ó gbà á, ọmọlúàbí ni. Ìgbà tí mo ń padà bọ̀ ni mo tó rántí pé ìyá rẹ ló fún wọn ní ọjọ́ náà nígbà tó ń bá mi kọ fọ́ọ̀mù báǹkì. Ó ní níwọ̀n bí mi ò ti ní ọjọ́ ìbí, òun á fi ọjọ́ tí àwa méjèèjì kọ́kọ́ pàdé síbẹ̀. Gbogbo fọ́ọ̀mù tí mo ní láyé mi, ìyá rẹ ló kọ ọ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ya àga kékeré kan síbi tí wọ́n bá ní kí n fọwọ́ sí, gbogbo ènìyàn á sì ní ìfọwọ́sí káfíńtà yìí mà dára o.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ ni mo ń bọ̀ wá sọ, mo kàn ń yí i ká bí adìẹ tó fẹ́ yé ni. Ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta lo gbé e wá bá wa, nítorí iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ rẹ nílé ìwòsàn, tó jẹ́ pé òwúrọ̀ àti ọ̀sán ò yàtọ̀ síra. O ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìgbà díẹ̀ náà di ọdún mẹ́fà, ìyá rẹ kú nínú rẹ̀, ó wá ku èmi àti ọmọ. Ọmọ yìí á fojú lásán wo tábìlì, á ní bàbá, ẹsẹ̀ kẹta kúrú. Mo bá wọ̀n ọ́n, ó kúrú lóòótọ́. Àmọ́ nílé-ìwé, kíláàsì kan náà ló jókòó sí fún ọdún mẹ́ta. Tíṣà ní olódo ni, ó ní kó lọ máa jókòó sẹ́yìn níbi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, àwọn ọmọ wá sọ ọ́ ní Ìyá Ìgbálẹ̀. Èmi náà gbọ́ orúkọ yẹn lójú ọ̀nà, mo ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́.

O rántí ọjọ́ tí obìnrin tó ń dán ọmọ wò yọjú nínú fóònù. Mo dé fìlà mi tó dára jù, mo jókòó sẹ́yìn ọmọ, kó lè mọ̀ pé ọmọ náà ní ẹni. Obìnrin náà bi í pé mẹ́jọ àti mẹ́fà jẹ́ mélòó, mo ní mẹ́rìnlá. Ó ní bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ni mò ń bi. Mo ní mo mọ̀, mo kàn ń ràn yín lọ́wọ́ ni. Ó bi í ní orúkọ oṣù, mo tún ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó wá gbé lẹ́tà a, b, d jáde, ó ní kí ọmọ kà á. Wá rántí dáadáa, ọmọ mi: nígbà tó kan lẹ́tà, ṣé o tún gbọ́ ohùn mi?

Lẹ́yìn ìyẹn lo pè mí láti sọ ohun tí wọ́n rí. Fóònù ń ya bí aṣọ, o ní orúkọ rẹ̀ ni dísílẹ́síà. Ohun tí èmi gbọ́ ni pé dì í sílẹ̀ kíá. Mo ní kò burú, bí ìyá ọmọ bá ní kí n di ẹrù ọmọ sílẹ̀ kíá, ta ni èmi? Mo di ẹrù rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, aṣọ mẹ́rin, bàtà kan, mo gbé e jókòó lé orí ẹrù lẹ́nu ọ̀nà, a ń retí ọkọ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú lo tún pè, o ní ẹ̀yin bàbá yìí, orúkọ ohun tó ń ṣe é ni mò ń sọ, ohun tí kì í jẹ́ kí lẹ́tà dúró lójú ọmọ. A tú ẹrù. Ọmọ náà ní inú òun dùn pé òun ò lọ mọ́. Mo ní tèmi náà dùn. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá oníkẹ́míìsì pé kó fún mi lóògùn dísílẹ́síà, ó ronú díẹ̀, ó ta oògùn aràn fún mi. Mo fún ọmọ lò. Aràn jáde, àmọ́ lẹ́tà ò dúró.

Fọ́ọ̀mù ilé-ìwé tuntun yẹn, èyí tí o rí fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń gbé níbẹ̀, ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. O ní níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi lọmọ ń gbé, èmi ni kí n dáhùn. Mo gbé e lọ bá aránṣọ, ọmọ náà tẹ̀ lé mi, ó jókòó sórí àpótí ó ń mi ẹsẹ̀. Ó kan ibì kan tí wọ́n ti béèrè pé ǹjẹ́ ẹnìkan wà nínú ìdílé yín tí ìwé kíkà tàbí ìwé kíkọ ni lára rí? Ara mi gbóná. Mo ní ṣé ìyàwó ni wọ́n fẹ́ fẹ́ lọ́wọ́ wa ni, tí wọ́n fi ń wádìí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀? Bí wọ́n bá rí nǹkan níbẹ̀, wọn ò ní gba ọmọ. Mo ní kí aránṣọ kọ Rárá, kó kọ ọ́ gàdàgbà, kó sì fi kún un pé kò sí olè níbẹ̀, kò sí ẹlẹ́tẹ̀, gbogbo wa pé. Ọmọ náà dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ó ní bàbá, ṣé èmi nìkan ni? Mo ní ìwọ nìkan ni. Ẹnu mi ló ti jáde, ọmọ mi, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọ yìí.

Wọ́n gbà á. Mo kan àpótí fún un, pákó tó dára jù lọ́wọ́ mi, mo fá a títí ó fi ń dán, mi ò lo ìṣó kankan. O wá mú un. Mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, mi ò lè sìn yín dé ìdíkọ̀, o bínú díẹ̀, mo rí i lójú rẹ. Kò sí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí ọkọ̀ yín ti lọ ni mo padà wọ ṣọ́ọ̀bù, mo rí i pé ọmọ ti fi ẹfun kọ nǹkan sára pákó tí mo fẹ́ là. Aránṣọ wá wò ó. Bó ṣe wà gan-an ni mo ní kó dà á kọ síhìn-ín: o dado dada mi. Ó ní kò ní ìtumọ̀, bóyá ọmọ náà ń kí ẹnìkan dáadáa ni. Mo ní kó máa lọ, mo ti gbọ́. Mo ti kà á kí ó tó dé. Ó ń sọ fún mi pé ó dàbọ̀, bàbá mi. Ojú kan ṣoṣo ni mo fi wò ó tó yé mi. Mi ò tíì la pákó náà di òní.

Wàyí o, lọ́jọ́ Àìkú lo pè, o ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ ò tíì di pẹ́ńsù mú. O ní ilé-ìwé náà dára, ọmọ mẹ́jọ péré ló wà ní yàrá kan, wọ́n ń fi ìka kọ lẹ́tà sínú yanrìn, kò sẹ́ni tó ń pe ẹnikẹ́ni ní olódo. Àmọ́ ṣe ló máa ń dorí bo tábìlì. Wọ́n bi í títí, ó ní òun nìkan ló bàjẹ́ nínú gbogbo ìdílé àwọn, bàbá òun ló sọ ọ́, ó sì wà nínú ìwé. O ní bí oṣù yìí bá parí tí kò fọwọ́ kan ìwé, wọn á ní kó padà sílé, wọn á fi àyè rẹ̀ fún ọmọ mìíràn tó ń dúró. O wá ń sunkún. Mo ní kí o má sunkún, á dáa. Mo pa fóònù. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Lókè lẹ́tà yìí mo sọ pé awò ojú mi fọ́. Irọ́ ni. Aránṣọ fẹ́ pa ìlà yẹn rẹ́, mo ní kó fi í sílẹ̀ kí o lè rí bí irọ́ mi ṣe rí nígbà tí ẹnìkan bá kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, pé awò ojú tí mo ní ó fọ́ wà lójú mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, tèmi sì ti ju ogún lọ. Ọmọ mi, mi ò mọ̀wé kà. Kì í ṣe pé wọn ò rán mi nílé-ìwé, wọ́n rán mi, mo lọ fún ọdún márùn-ún, wọ́n nà mí fún ọdún márùn-ún. Àwọn lẹ́tà náà kì í dúró fún mi. Awò ojú mẹ́rin ni mo ti ní kí o rà fún mi, mo rò pé bó pẹ́ bó yá, a ó rí èyí tí á mú wọn dúró. Okùn oníkókó tí mo fi ń wọn igi, tí àwọn ènìyàn ń yìn mí pé káfíńtà àtijọ́ ni, kì í lo téèpù, àbùkù mi ni mo fi okùn yẹn dì. Nígbà tí o wà ní kékeré tí o máa ń gbé ìwé rẹ wá hàn mí, tí mo máa ń ní ọwọ́ rẹ mà dára o, mi ò mọ̀ bóyá ó dára. Ojú rẹ ni mo máa ń wò. Bí o bá ti ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé o gbà á.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ló wúwo jù. Ó máa ń gbé sílétì tirẹ̀ náà wá, kì í rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, àmì pupa á sì wà níbẹ̀, àmì pupa ò sì ṣòro láti kà. Ìyá rẹ á ní ó tún ti kọ baba ní dada. Mo máa ń na ọmọ náà. O gbọ́ igbe rẹ̀, o wà nínú ilé. O rò pé inú ń bí mi sí i. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo rí ara mi tó dúró síwájú mi pẹ̀lú sílétì, mo sì ń na ara mi kó lè kúrò níbẹ̀. Ó kúrò lóòótọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó tẹ̀ lé ọkọ̀ akẹ́rù lọ. Láti ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn ni mo ti ń bínú sí i pé ó le lọ́kàn, pé ìyá rẹ̀ kú kò kọ lẹ́tà. Ọjọ́ Àìkú yìí ni mo tó bi ara mi pé kí ni ọmọ yẹn ì bá fi kọ lẹ́tà.

Ìyá rẹ gbìyànjú láti kọ́ mi nígbà kan rí, kí a tó bí yín. Ó ní èyí kọjú sí ọ̀tún, b ni, èyí kọjú sí òsì, d ni. Mo ní àga tó kọjú sí ilẹ̀kùn, bí mo bá yí i sí ògiri, ṣé ó ti di tábìlì ni? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Mi ò tún bi í mọ́. Àmọ́ láti ogójì ọdún tí mo ti ń kan àga, mi ò tíì rí ọ̀kan tó di nǹkan mìíràn nítorí ibi tó kọjú sí. Ọmọ rẹ bi tíṣà rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn gẹ́lẹ́, láìjẹ́ pé mo sọ ọ́ létí ẹ̀ rí, ìdí tí wọ́n fi ní kó lọ jókòó sídìí ìgbálẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó délé tó sọ fún mi, ó yẹ kí n gbá a mọ́ra. Mo ní kó lọ pọnmi.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, gbé lẹ́tà yìí lọ síbẹ̀, jókòó tì í, kà á fún un díẹ̀díẹ̀, má fo ibì kankan, má fo ibi tí mo ti na ẹ̀gbọ́n rẹ. Sọ fún un pé kì í ṣe òun nìkan, àwa mẹ́ta ni, èmi ni mo sì kọ́kọ́ dé. Sọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ kí wọ́n pa Rárá yẹn rẹ́, kí wọ́n kọ Bẹ́ẹ̀ ni sí i, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Bí wọ́n bá ní nítorí irọ́ yẹn àwọn ò fẹ́ ọmọ mọ́, èmi ló purọ́, èmi ni kí wọ́n bá wí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́, bí o bá rí awakọ̀ akẹ́rù kankan tó mọ̀ ọ́n, bá mi ránṣẹ́ sí i. Fi ẹnu rán an o, má kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́dún yìí, má fi owó awò ojú ránṣẹ́ mọ́. Owó ọkọ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, àlọ àti àbọ̀, kí n lè wá lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbà kí ará ilé wá wo ọmọ. Ọdún mọ́kànlá ni o ti ń ní kí n wá wo ilé rẹ, tí mo ń sọ pé orúnkún. Orúnkún kọ́. Ìdíkọ̀ ni mi ò mọ̀, gbogbo ọkọ̀ ló kọ ibi tó ń lọ sí iwájú, mo sì ń bẹ̀rù láti béèrè. Má kọ orúkọ ibẹ̀ fún mi, pè mí kí o sọ àwọ̀ ọkọ̀ náà fún mi, àti iye ìgbà tó máa dúró kí n tó bọ́ sílẹ̀, mo ti di okùn kan sílẹ̀ tí mo máa ta ní kókó. Bí ó bá ṣẹ́kù, fi díẹ̀ kún un fún òrùlé. Fún aránṣọ náà ní nǹkan, ó ti fi gbogbo ọ̀sán sí i, ó sì ti da omijé sórí ṣòkòtò oníbàárà, wọn á bi í.

Ọwọ́ rẹ tó ń fọ aṣọ aláìsàn, kò ní fọ aṣọ tìrẹ nínú àìsàn. Ọkọ rẹ á máa rí iṣẹ́ ṣe, iṣẹ́ náà á máa rí owó san fún un. Ọmọ tí o bí ò ní jókòó sídìí ìgbálẹ̀ mọ́ láyé. Ẹni tó lọ nínú wa á rántí ọ̀nà ilé, ẹni tó wà nílé ò ní ti ilẹ̀kùn.

Aránṣọ ti gbé pẹ́ńsù fún mi. Ó ní ṣé kí òun di ọwọ́ mi mú, mo ní rárá. Mi ò ní ya àga lónìí. Ìlà tó kù yìí, ọmọ ni mo kọ ọ́ sí. Má kà á fún un. Gbé e síwájú rẹ̀, òun á kà á.

o dado omo mi

emi ni dada re